Jìnádù Tó Ń Fi Yáásínì Lé Agbowó Orin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fún wa ní etí méjì, tó fún wa ní ẹnu kan ṣoṣo, síbẹ̀ tí ẹnu ẹlòmíì ṣì ń pariwo ju ogún etí lọ. Ìkẹ́ Ọlọ́hun kó máa bá Ànọ́bì wa, àti ará ilé rẹ̀, àti ẹni tó bá ń tọ ọ̀nà rẹ̀ láìṣe mùnáfìkí. Ẹ̀yin jàmáà mi, ẹ̀yin ìyá alásàlátù tẹ́ ẹ ti gba iwájú mọ́ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń fi fóònù ká ohùn mi sílẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀kọ́ òní ò gùn. Mo lè sọ ọ́ tán kí ẹni tó ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn yẹn tó gbé e mì. Ohun tí ẹlòmíì fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe, tí ìwọ wá ń fi pawó, fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Tó ò bá fún un, ìwọ àti Ọlọ́hun lẹ jọ máa yanjú ẹ̀ lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀. Ṣùgbọ́n má gbé Àlùkùránì bo olè jíjà mọ́lẹ̀ bí ẹni fi apẹ̀rẹ̀ bo adìyẹ. Òun gan-an ni ìtàn mi.

Ọ̀rọ̀ orin ni. Mo rí àáfà kan níwájú tó ti fajú ro. Àáfà, ẹ fara balẹ̀. N ò wá sọ lónìí bóyá orin dáa àbí kò dáa, wáàsí ọjọ́ mìíì nìyẹn. Ẹni tó ní ẹran kan ò dáa, tó wá tún jí i jẹ, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, haráàmù kan ló jẹ ni, àbí méjì?

Ìlú kan wà níhà Ìwó lọ́hùn-ún. N ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mo rí ará ibẹ̀ níbí tó ti ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan ń gbé ibẹ̀ tó ń jẹ́ Alhaji Jìnádù. Ó ní ilé oúnjẹ lójú títì tó lọ sí gáréèjì, onígíláàsì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú ẹ̀, òórùn ìrẹsì ibẹ̀ á ti pàdé yín kẹ́ ẹ tó sọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ tó kọ sókè ẹnu ọ̀nà: Ilé Oúnjẹ Àlùjánńà. Àlùjánńà o, jàmáà. Ẹni tí kò tíì kú, tí wọn ò tíì bi léèrè ìrun kan, ó ti ṣí ẹ̀ka àlùjánńà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì.

Jìnádù mọ nǹkan kan nípa oníbàárà. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin tó dùn kì í tètè dìde. Á jẹ ìrẹsì tán, orí ẹ̀ á máa mì, á ní kí wọ́n gbé ohun mímu tó tutù wá, ibi tí orí ti ń mì náà ni á ti tún pe ẹran. Torí ẹ̀ ni Jìnádù ṣe gbé sípíkà ńlá kọ́ ara ògiri nínú, tó tún gbé òmíì síta kó máa bá a fa ẹni tó ń kọjá lọ́wọ́. Inú fóònù ẹ̀ ni orin wà, àpò ọ̀tún ẹ̀wù ẹ̀ ni fóònù wà. Látìgbà tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn títí wọ́n á fi tì í, àwọn olórin ń ṣiṣẹ́ fún Jìnádù. Wọn ò mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ òun.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ funfun kan dúró síwájú Àlùjánńà, obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù lórí. Rìsìkátù lorúkọ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaji dáadáa, ó ní òun wá láti ọ́fíìsì àwọn tó ń bá olórin gba ẹ̀tọ́ wọn. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ń fi orin ẹlòmíì pe èèyàn sí ṣọ́ọ̀bù, sí òtẹ́ẹ̀lì, sí ilé oúnjẹ, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ohun tí gbogbo wa ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, wọ́n á wá pín owó ẹ̀ fún àwọn tó ni orin.

Jìnádù rẹ́rìn-ín títí ikùn ẹ̀ fi ń mì.

“Orin tí mo fi dátà mi gbà sórí fóònù mi? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo bá mi ra dátà ni?”

Rìsìkátù ò bínú. Ó ní, “Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ ní yàrá yín, ẹnì kankan ò ní bi yín. Ibi òwò lẹ ti ń lò ó. Ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń se ìrẹsì, ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń gbálẹ̀. Olórin yìí ń bá yín pe oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́, òun nìkan lẹ ò sanwó fún.”

Jàmáà, kí ló le nínú ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ? Ṣé Ànọ́bì ò ti kọ́ wa pé kí òógùn òṣìṣẹ́ tó gbẹ ni ká ti fún un lówó ẹ̀? Àbí torí pé òógùn olórin kì í kán jáde látinú sípíkà lẹ ṣe rò pé kò làágùn?

Jìnádù ní ó ti yé òun. Ó ní kí wọ́n fún ọmọbìnrin náà lómi tútù, ó ní òun máa wá sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kì í ṣe pé kò ní i o. Owó ẹran tó ń jábọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì ẹ̀ tó láti san án, tí á tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ahun ni ahun ń jẹ́. Mọ́ńdè dé, Mọ́ńdè kọjá. Mọ́ńdè tí Jìnádù ń sọ yẹn, ó ṣì wà lọ́nà.

Nígbà tó yá, Jìnádù dúró sídìí gíláàsì ó ń ta eyín, ó rí ọkọ̀ funfun yẹn tó ń yà bọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wọnú àpò. Ó tẹ fóònù. Olórin tó ń ki olówó kan lọ́wọ́, ohùn ẹ̀ gé pẹ́ú sáàárín oríkì, Yáásínì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró ná. Ọkùnrin kan wà nídìí tábìlì tó ti ki itan adìyẹ bọ ẹnu, kò mọ̀ bóyá kóun máa jẹ ẹ́ lọ ni àbí kóun wá fìlà. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ tò sídìí ògiri, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Rìsìkátù dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, ó dúró, ó tẹrí ba. Mùsùlùmí ni, kò lè máa sọ̀rọ̀ lé Àlùkùránì lórí. Jìnádù mọ̀. Ohun tó fi mú un gan-an nìyẹn. Ìbọ̀wọ̀ tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin yẹn ló fi ṣe okùn, ló fi dè é. Ó fa tẹ̀sùbáà yọ, ó dijú, ó ń mirí bíi wòlíì.

Nígbà tó pẹ́, Rìsìkátù rọra béèrè ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè. Jìnádù fi ìka lé ètè, ó nawọ́ sí sípíkà, bí ẹni ń sọ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ń lọ, ìwọ ń dárúkọ owó. Ọmọbìnrin yẹn wá béèrè ẹyọ ìbéèrè kan.

“Bàbá, ṣé Àlùkùránì nìkan lẹ ń lò níbí ni?”

“Wàlláhì, òun nìkan ni.”

Ó búra. Yáásínì ń ké lórí ẹ̀, ó fi Ọlọ́hun tó ni Yáásínì búra irọ́. Ọkọ̀ funfun yẹn ò tíì dé kọ́nà tí olórin fi padà sẹ́nu iṣẹ́, láti ibi tó ti gé oríkì olówó gan-an.

Ta ni fóònù ẹ̀ ń kọrin yẹn? Ẹ pa á, ìyá wa. Ẹ má bẹ̀rù, wọn ò gba láísẹ́ǹsì lórí tàpò obìnrin.

Ọkùnrin kan wà lódìkejì títì tó ń gẹrun, Gàní lorúkọ ẹ̀. Òun náà ní sípíkà, òun náà ò ní ìwé àṣẹ. Ó rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ látinú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó sọdá wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọgbọ́n Alhaji. Inú Jìnádù dùn, ó fi gbogbo ẹnu kọ́ ọ. Ó ní ìgbàkígbà tí Gàní bá ti gbọ́ Yáásínì láti Àlùjánńà, kó mọ̀ pé wọ́n ti dé. Kó pa orin, kó fa ilẹ̀kùn onírin ẹ̀ wálẹ̀, kó sáré wá jókòó sọ́dọ̀ òun, kó dijú, kó máa mirí. Gàní sọ fún aránṣọ, aránṣọ sọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, títí tó fi ká gbogbo àdúgbò.

Bí Yáásínì ṣe di fèrè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin òkú wa, tí a fi ń tu aláìsàn nínú, ó di nǹkan tí wọ́n fi ń sọ fúnra wọn pé ẹ kó ọjà ẹ̀gbin yín pa mọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á fojú ṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, á ní Yáásínì ti dé, ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Jìnádù náà á rẹ́rìn-ín. Ọlọ́hun ń wò wọ́n.

Ìyàwó ẹ̀ tó ń rí sí ilé ìdáná, Alhaja Ṣìfáwù, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú ẹ̀. Ó ní àná, òun jókòó sórí ẹní, òun ń ka Yáásínì ránṣẹ́ sí bàbá òun tó ti kú, ni ìyá tó ń bá òun gé àlùbọ́sà bá sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ṣé wọ́n ti dé. Jìnádù ní ọgbọ́n ni, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn ọlọ́gbọ́n.

Ṣìfáwù wò ó. “Alhaji, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tẹ́ ẹ fi ń lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ṣé kò ní lé ẹ̀yin náà lọ́jọ́ kan?”

Ó ní kó lọ wo ìrẹsì ẹ̀, kó má jóná.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn Jìnádù gan-an fún yín. Kì í ṣe owó. Bàbá tó bí i, ibi bàtà ló ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí títí ó fi kú. Àwọn èèyàn á bọ́ bàtà síwájú ẹ̀, wọ́n á ré e kọjá, wọn ò ní kí i. Jìnádù ti búra látìgbà kékeré pé ẹ̀yìn Lèmọ́mù gan-an lòun máa jókòó sí. Oyè Bàbá Àdínì ló ń wá. Tó bá ń múra Jímọ̀, ó máa ń mú táwẹ́ẹ̀lì, á wé e mórí bíi láwàní níwájú dígí, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì. Ẹ máa fojú inú wò ó: àgbàlagbà, táwẹ́ẹ̀lì, dígí.

Ọlọ́hun wá ṣe é, Bàbá Àdínì tó wà níbẹ̀ kú. Jìnádù ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí mọ́ṣáláṣí, ó ti bọ́ èèyàn nínú ààwẹ̀, àwọn àgbà jókòó, wọ́n fẹnu kò sí i lórí. Lèmọ́mù ní kó wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n wé láwàní fún un. Jìnádù bẹ̀bẹ̀ títí pé inú ilé oúnjẹ òun ni kí wọ́n ti ṣe é, torí ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ sì gba èrò. Irọ́ ni. Ó fẹ́ kí àlejò rí Àlùjánńà ni. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e ga nínú ẹ̀sìn, ìrẹsì ló ń polówó. Kò pe Gàní. Ó ní kí ni ẹni tó ń gẹrun máa wá ṣe láàárín alágbádá.

Ọjọ́ pé. Ilé kún. Ọkọ̀ oríṣiríṣi kún títì, funfun wà níbẹ̀ bíi márùn-ún. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ti fi orin sókè kí wọ́n lè fa àlejò mọ́ra. Nínú Àlùjánńà, wọ́n gbé Jìnádù jókòó sórí àga gíga, agbádá ẹ̀ ń dán. Láwàní funfun wà nínú ọ̀rá lórí itan Lèmọ́mù. Jìnádù ń wo ọ̀rá yẹn bí ọmọ ṣe ń wo ẹran iléyá. Ó kù díẹ̀. Wọ́n so makirofóònù mọ́ àwọn sípíkà ẹ̀, tinú àti tìta. Ní ìlú yẹn, Yáásínì ni wọ́n fi ń ṣí wíwé láwàní. Lèmọ́mù mi orí sí àáfà tó máa kà á.

Àáfà yanu, ó bẹ̀rẹ̀ Yáásínì.

Jìnádù dìde.

Ẹnì kankan ò ní kó dìde. Òun náà ò mọ̀ pé òun ti dìde. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti wọnú àpò agbádá, ó ń wá fóònù, fóònù wà lọ́wọ́ Ṣìfáwù. Ojú ẹ̀ ti lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ọkọ̀ funfun. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ti tò sídìí ògiri, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Níta, ẹ gbọ́: orin aránṣọ kú, orin ẹni tó ń tún fóònù ṣe kú, tẹni tó tẹ̀ lé e kú, ilẹ̀kùn onírin ń já wálẹ̀ gbàràgàdà lọ sí ìsàlẹ̀ títì. Àlejò ń wojú ara wọn. Wọ́n rò pé ìjà ti ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gàní já wọlé, kílípà tó fi ń gẹrun lọ́wọ́. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Àga tó ṣófo tó kọ́kọ́ rí ló jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ Lèmọ́mù sì ni àga náà wà. Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mirí. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n makirofóònù wà nítòsí, gbogbo ilé gbọ́ ọ, títì gbọ́ ọ:

“Alhaji, mo ti pa tèmi. Ibo ni wọ́n dé?”

Kò tíì sinmi ẹnu tí ọkùnrin kan fi wọlé tẹ̀ lé e, aṣọ ìgẹrun lọ́rùn, ìdajì orí ẹ̀ ń dán, irun ṣì kún ìdajì kejì. Ó ní kẹ́ ẹ máà bínú o, ṣé ẹ rí Gàní, ó bẹ̀rẹ̀ orí òun, ó sì sá.

Ẹ̀rín ta. Àgbà rín, ọmọdé rín. Lèmọ́mù ò rín. Ó gbọ́wọ́ sókè, àáfà dákẹ́. Ó yíjú sí Gàní, ó bi í pé àwọn wo ló dé. Gàní lajú, ó rí ibi tó jókòó sí, kílípà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo Jìnádù. Jìnádù ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

“Lèmọ́mù, ẹ forí jì mí. Ládùúgbò wa níbí, tí Yáásínì bá ti dún ní Àlùjánńà, àwọn agbowó orin ló dé. Alhaji ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.”

Lèmọ́mù ní kí Jìnádù jókòó, kó fọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó ní kí àáfà bẹ̀rẹ̀ Yáásínì látìbẹ̀rẹ̀.

Jàmáà, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ò ju kó jókòó lọ. Jìnádù di itan ara ẹ̀ mú bí ẹni di ẹwúrẹ́ mú. Ó ń sọ fún ara ẹ̀ nínú pé jókòó, jókòó jẹ́ẹ́, láwàní rèé, ó ti kù díẹ̀, ìwọ wo iwájú. Àáfà bẹ̀rẹ̀. Òógùn bo ojú ẹ̀ nínú ilé tó tutù yẹn. Ọrùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀ díẹ̀, ó ń fà á padà, ó tún ń yí, títí ojú ẹ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà.

Lèmọ́mù sún mọ́ ọn. Kò pariwo.

“Jìnádù, Yáásínì yìí náà la máa kà sí ọ létí lọ́jọ́ tó o bá ń kú lọ. Ta lo máa rò pé ó dé?”

Lèmọ́mù mú ọ̀rá láwàní, ó fi sábẹ́ apá, ó wọ bàtà ẹ̀, àwọn àgbà tẹ̀ lé e. Ìrẹsì wà nílẹ̀ nínú kúlà, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ẹni tí wọ́n gẹ orí ẹ̀ dé ìdajì ló kẹ́yìn jáde, ó ń fa Gàní lẹ́wù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí, Jìnádù fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì Rìsìkátù. Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ kí i bó ṣe kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún un níwèé àṣẹ, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Jìnádù fi dígí bo ìwé ọ̀hún, ó gbé e kọ́ ògiri nísàlẹ̀ sípíkà. Ó lè lo orin báyìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnì kankan ò ní yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Wọ́n ti ta láísẹ́ǹsì orin fún un. Ti Yáásínì ńkọ́? Ọ́fíìsì wo ló ń ta ìyẹn?

Ẹni tó bá lọ sí mọ́ṣáláṣí ìlú yẹn lónìí á rí Jìnádù. Ibi bàtà ló ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó lé e lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àlùkùránì, kò lè jókòó síbi tí kò ti ní rí ẹnu ọ̀nà. Ibi tó fi gbogbo ayé ẹ̀ sá fún, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló gbé e padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin onígẹrun, ẹ̀yin olóòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin aránṣọ tẹ́ ẹ ń fi ohùn ẹlòmíì pe oníbàárà, ẹ ti gbọ́. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ yín. Tẹ́ ò bá fẹ́ gbà á, ẹ pa sípíkà, ìdákẹ́jẹ́ kì í pa òwò. Kẹ́ ẹ má ṣáà fi Ọlọ́hun ṣe ajá ẹnu ọ̀nà yín. Olè tó ń jalè tó mọ̀ pé òun ń jalè, ó ṣì lè ronú pìwà dà. Èyí tó ń jalè tó tún fi tẹ̀sùbáà sọ́wọ́, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ tí á gbọ́?

Ọlọ́hun, Ìwọ tó gbọ́ ohun tó wà nínú sípíkà àti ohun tó wà nínú àpò, má jẹ̀ẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Rẹ dáàbò bo ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ẹ̀tọ́ ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ wa, fún wa lọ́kàn tá a ó fi dá a padà kí wọ́n tó wá béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ka Yáásínì sí wa létí, jẹ́ kó jẹ́ ìtura la gbọ́, má jẹ̀ẹ́ ká máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ pé àmín, kó tọkàn yín wá.